Kẹ́ ẹ tó sanwó íntánẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò yín, ẹ kọ́kọ́ ṣe báyìí

Tẹ́ ẹ bá ra mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà tàbí ní UK lóde òní, tẹ́ ẹ bá ti lò ó dé àyè kan, email á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé free trial íntánẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀, ìyẹn àsìkò tẹ́ ẹ fi ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ti fẹ́ tán, pé kẹ́ ẹ tètè fi káàdì síbẹ̀ kí nǹkan má bàa gé. Orúkọ á pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, Remote Connect, Safety Connect, Premium Connectivity, OnStar, jìnnìjìnnì á wá bo èèyàn bíi pé mọ́tò ò ní stáàtì mọ́ téèyàn ò bá san án. Á stáàtì. Ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, AC, rédíò, Bluetooth, kámẹ́rà ẹ̀yìn, kò sí èyí tí sub, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lóṣù tàbí lọ́dún yìí, kàn nínú wọn. Ohun tó kàn ni nǹkan tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, púpọ̀ nínú ìyẹn gan-an dẹ̀ ni fóònù tó wà lápò yín ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́.

Èrò tèmi rèé, gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ orí ẹ̀ ló dúró lé: owó tó yẹ kẹ́ ẹ san ni owó ohun tí mọ́tò máa bá yín ṣe nígbà tẹ́ ẹ ò sí nínú ẹ̀, tàbí nígbà tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè ran ara yín lọ́wọ́. Ìyókù, fóònù ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Sím kan wà nínú mọ́tò yẹn tẹ́ ẹ ò lè fojú rí, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ní eríàlì tiẹ̀, sím yẹn ló ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi AT&T tàbí Verizon tàbí Vodafone sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ áàpù lórí fóònù yín pé kí mọ́tò ti ilẹ̀kùn, fóònù á ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, kọ̀ǹpútà yẹn á wá ránṣẹ́ sí sím inú mọ́tò, ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn á tó tì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, òun náà ló dẹ̀ jẹ́ kó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ wà l'Èkó kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́tò tẹ́ ẹ páàkì sí Houston. CarPlay àti Android Auto yàtọ̀ pátápátá sí ìyẹn o. Dátà fóònù yín ni wọ́n ń jẹ, screen mọ́tò kàn ń gbé ohun tó ń lọ lórí fóònù jáde ni. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ẹ ò nílò sub kankan kẹ́ ẹ tó lò wọ́n. BMW dán an wò rí, wọ́n ń gba dọ́là 80 lọ́dún lórí CarPlay ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn pariwo, wọ́n pa á tì nígbà tí 2019 ń parí lọ. Wọ́n tún dán an wò pẹ̀lú síìtì tó ń gbóná ní 2022, ní UK pọ́n-ùn 15 lóṣù ni, ariwo tún sọ, nígbà tó fi máa di 2023 wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Mo mẹ́nu ba ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé téèyàn bá kọ̀ láti sanwó, àwọn náà máa ń gbọ́.

Ó dáa, iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí free trial ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jókòó sínú mọ́tò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Ẹ yọ wáyà fóònù, ẹ fi fóònù sí airplane mode, kẹ́ ẹ rí i dájú pé Bluetooth àti Wi-Fi ẹ̀ ti kú, torí fóònù míì máa ń fi Bluetooth sílẹ̀ ní títàn tẹ́ ẹ bá tẹ airplane mode. Ẹ wá stáàtì mọ́tò. Ẹ tẹ máàpù tó jẹ́ ti mọ́tò fúnra ẹ̀, ẹ ní kó gbé yín lọ síbi iṣẹ́ yín. Ẹ wo ojú ọ̀nà tó yà síbẹ̀, ṣé ó ń fi àwọ̀ pupa àti yẹ́lò hàn níbi tí gó-sìló wà? Tí àwọ̀ bá yọ nígbà tí fóònù yín ti kú yẹn, mọ́tò ló ń mú un wá fúnra ẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tẹ́ ẹ lè pàdánù tí sub bá tán. Tí ọ̀nà bá yọ tí kò sí àwọ̀, á jẹ́ pé máàpù lásán ló wà nínú mọ́tò, fóònù ló ti ń bá yín mú traffic wá látọjọ́ yìí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀: orin, ojú ọjọ́, kẹ́ ẹ bá mọ́tò sọ̀rọ̀ pé kó wá ilé epo fún yín. Èyí tó bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀, kò sí nínú owó tí wọ́n fẹ́ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jáde, ẹ tan dátà fóònù padà, ẹ jìnnà sí mọ́tò, ẹ wá lo áàpù: ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ stáàtì í, ẹ ní kó fi ibi tó wà hàn yín. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ìwé kékeré yẹn lẹ máa gbé lé ẹ̀gbẹ́ páàkéèjì tí wọ́n kọ sínú email. Orúkọ páàkéèjì ò já mọ́ nǹkan kan, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n di nǹkan mẹ́rin pọ̀ kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ń lò. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá ó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Hyundai ní Amẹ́ríkà, láti mọ́tò ọdún 2024, fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á, wọn kì í gba owó Bluelink, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́tò tiwọn. Kia ní Yúróòpù máa ń fún èèyàn ní ọdún 7 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má lọ fi káàdì síbi tí wọn ò ti bèèrè owó.

Ẹ wá jẹ́ kí trial náà tán. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó tán pátápátá, kẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò bó ṣe wà fún bí oṣù kan. Kò sí ẹni tó máa ní kẹ́ ẹ má padà wá, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mú káàdì dé náà ni wọ́n á gbà á. Nínú oṣù yẹn lẹ máa mọ ohun tọ́wọ́ yín ń wá gan-an. Ohun tẹ́ ẹ ò bá rántí rárá, ẹ ti mọ ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn.

Ní tèmi o, ohun mẹ́ta ni mo rí tó tó owó san.

Èkíní ni stáàtì láti inú ilé, pàápàá fún ẹni tó ń gbé níbi tí òtútù ti ń pa èèyàn. Ẹ wo nọ́ọ̀sì tó ń gbé Chicago tàbí Minneapolis, tó ní shift aago méje àárọ̀ ní January, mọ́tò ẹ̀ wà níta, yìnyín ti dì mọ́ gíláàsì iwájú. Tó bá tẹ áàpù látorí bẹ́ẹ̀dì, kó tó wọ bàtà tán hítà ti yọ́ yìnyín yẹn, kò ní máa dúró síta tí á máa fi nǹkan ha gíláàsì nínú òkùnkùn. Mi ò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má san dọ́là mélòó kan lóṣù. Ẹni tó ń gbé Miami tàbí tí gáréèjì ẹ̀ wà nínú ilé, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kiní kan níbí. Ní December 2021 ló hàn síta pé nínú àwọn Toyota kan láti ọdún 2018, bọ́tìnnì tó wà lára kọ́kọ́rọ́ gan-an, èyí tẹ́ ẹ fi ń stáàtì láti òkèèrè, ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tí trial bá tán, àyàfi tẹ́ ẹ bá ń san Remote Connect, tó jẹ́ dọ́là 8 lóṣù tàbí 80 lọ́dún nígbà yẹn. Bọ́tìnnì yẹn dẹ̀ ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ tààrà ni o, kò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò, ẹ bi dílà tààrà pé, tí sub bá tán, ṣé kọ́kọ́rọ́ á ṣì máa stáàtì ẹ̀? Kó fi hàn yín nínú ìwé, kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò iná, ẹ wò ó bóyá ẹ lè ṣètò aago tí mọ́tò á máa móoru láàárọ̀ láti ojú screen inú ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló gbà bẹ́ẹ̀ láìsí áàpù.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ jáǹbá. Ní Yúróòpù, òfin ti wà láti March 2018 pé gbogbo irú mọ́tò tuntun tí wọ́n bá fẹ́ gbé jáde gbọ́dọ̀ ní eCall, tí àpò afẹ́fẹ́ bá bẹ́, mọ́tò á pe àwọn olùrànlọ́wọ́ fúnra ẹ̀, á sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ìyẹn ò ní sub. Tó bá ti wà nínú mọ́tò yín ní UK tàbí Jámánì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ SOS, ìyẹn ìpè pàjáwìrì, dẹ́rù bà yín láti gbowó lọ́wọ́ yín. Amẹ́ríkà ò ní irú òfin yẹn, owó ni púpọ̀ nínú ẹ̀ níbẹ̀ tí trial bá ti tán. Àwọn kan á ní iPhone 14 lọ sókè ń mọ̀ tí mọ́tò bá jáǹbá, á pe 911, Pixel náà ń ṣe é. Òótọ́ ni. Àmọ́ fóònù lè fò jáde lọ́wọ́, ó lè fọ́, bátìrì ẹ̀ lè ti kú, ti inú mọ́tò ti dè mọ́ mọ́tò pinpin. Tó bá jẹ́ pé màmá yín tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń dá wa mọ́tò, tàbí ọmọ yín tó ń lọ sí yunifásítì nípa ọ̀nà ìgbèríko lálẹ́, ẹ san èyí, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ṣeé ṣe kẹ́ ẹ san ti ààbò nìkan láìmú ìyókù, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n jí mọ́tò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan lè wá ibi tí mọ́tò wà kí wọ́n sọ fún ọlọ́pàá, tí sub bá ń lọ. Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará UK, ẹ tẹ́tí: tí íńṣọ́ránsì yín bá ní kẹ́ ẹ fi tracker, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí mọ́tò wà hàn, sí mọ́tò, irú èyí tí Thatcham, àwọn tó ń yẹ ààbò mọ́tò wò ní UK, fọwọ́ sí tí wọ́n ń pè ní S5 tàbí S7, ẹ má rò pé áàpù tó bá mọ́tò wá ti dípò ẹ̀. Ẹ pe íńṣọ́ránsì kí wọ́n dá yín lóhùn nínú email, torí ọjọ́ tí wọ́n bá jí i lẹ máa tó mọ̀ pé ẹ sanwó lórí nǹkan tí wọn ò kà sí. Ẹlòmíì máa ń fi AirTag, ẹ̀rọ kékeré ti Apple tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, pamọ́ sínú mọ́tò, ó dáa ju òfo lọ, àmọ́ tí olè bá ń lo iPhone, fóònù ẹ̀ lè sọ fún un pé AirTag kan ń tẹ̀ lé e.

Wi-Fi inú mọ́tò ńkọ́? Ẹ má san án, fún ọ̀pọ̀ yín. Ní Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ èyí tí dátà ẹ̀ ò lópin, bíi dọ́là 20 sí 25 lóṣù ló máa ń jẹ́, tẹ́ ẹ bá ní 25 ni, 300 lọ́dún nìyẹn, 1,200 ní ọdún mẹ́rin. Fóònù yín ti ní hotspot, ẹ kàn wo iye GB hotspot tí plan yín fún yín lóṣù, káwọn ọmọ fi wo kátúùnù lọ sí Maryland kí wọ́n bọ̀. Tàbí kẹ́ ẹ dáunlóòdù kátúùnù náà sórí tablet láti ilé kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹni tó lè mú Wi-Fi mọ́tò ni ẹni tó ń fi mọ́tò ṣe ọ́fíìsì, tàbí tó ń gba ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ẹ̀ ti máa ń gé ṣùgbọ́n tí ti mọ́tò ń wọlé, torí eríàlì mọ́tò máa ń lágbára ju ti fóònù lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn dẹ̀ lè yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ Tesla dá dúró díẹ̀. Èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, Standard Connectivity, ọdún 8 ni fún àwọn tí wọ́n ra tiwọn láti July 20, 2022, wọ́n ń kà á láti ọjọ́ tí mọ́tò náà kọ́kọ́ jáde ní tuntun, ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àlòkù. Premium tí wọ́n ń gba dọ́là 9.99 lóṣù tàbí 99 lọ́dún ló ń mú àwọ̀ traffic wá lójú máàpù, fíìmù, orin, àti kẹ́ ẹ máa fi fóònù wo kámẹ́rà mọ́tò látòkèèrè. Tesla ò ní CarPlay ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń san án. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tan hotspot fóònù kí Tesla so mọ́ ọn, orin àti fíìmù á wọlé láìsan. Ẹ fi ìyẹn gbé e fún oṣù kan ná. GM (General Motors), àwọn tó ni OnStar, náà ti sọ láti 2023 pé mọ́tò iná àwọn tuntun ò ní ní CarPlay àti Android Auto mọ́, Blazer EV 2024 wà lára wọn. Tó bá jẹ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ rà, owó sub ti di ara owó mọ́tò nìyẹn, torí ojú screen wọn lẹ máa gbójú lé, ẹ rò ó mọ́ iye mọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ohun míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kú kí mọ́tò tó kú. Nígbà tí 2008 bẹ̀rẹ̀, OnStar gé àwọn mọ́tò tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní analog. Ní February 2022 AT&T pa 3G, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún yẹn Verizon náà ti pa tiẹ̀, mọ́tò Honda, Toyota, Lexus, Nissan lóríṣiríṣi ló pàdánù áàpù àti SOS, mọ́tò náà ṣì ń lọ geere. Ní UK, Vodafone, EE àti Three ti pa 3G tiwọn, Nissan dẹ̀ pa áàpù àwọn Leaf àtijọ́ níbẹ̀ ní April 2024. Nítorí náà ẹni tí mọ́tò ẹ̀ jẹ́ 2014 sí 2018, ẹ pe ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ fún wọn ní VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé 4G ló ń lò, kẹ́ ẹ tó fún wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ má dẹ̀ san ọdún mẹ́ta papọ̀ nítorí pé wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀. Oṣù-oṣù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san. Tó bá di pé ẹ fẹ́ fagi lé e, ẹ pè wọ́n lórí fóònù dípò kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sábà máa ń dín in kù fún ẹni tó bá ti ń lọ. Kẹ́ ẹ wo auto-renew, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ owó lọ fúnra wọn, kẹ́ ẹ pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ dátà yín ń ká mi lára ju owó gan-an lọ. Ní January 2025, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, fẹ̀sùn kan General Motors àti OnStar pé wọ́n ń kó ibi tí àwọn èèyàn ń wa mọ́tò lọ, bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì, bí wọ́n ṣe ń sáré, wọ́n ń tà á fún ẹlòmíì láìjẹ́ pé àwọn onímọ́tò yé ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìròyìn yẹn dẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn íńṣọ́ránsì. Àdéhùn tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ni pé fún ọdún 5 wọn ò gbọdọ̀ fún àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ lórí èèyàn nírú dátà bẹ́ẹ̀. Ní 2023 Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, yẹ ilé iṣẹ́ mọ́tò 25 wò lórí ọ̀rọ̀ àṣírí, kò sí ìkankan tó yege. Ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá ti jáwọ́ nínú sub, mọ́tò ti dákẹ́ nìyẹn o, sím yẹn ṣì lè máa ránṣẹ́. Ẹ wọ settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ data sharing tàbí privacy sí, ẹ pa á, ẹ pa èyí tí wọ́n ń pè ní driving score tàbí driver feedback náà, ìyẹn gan-an ló máa ń fẹ́ràn láti lọ sọ́dọ̀ íńṣọ́ránsì. Tẹ́ ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ní kí LexisNexis, ọ̀kan lára àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ lórí èèyàn, fi àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní lórí yín ránṣẹ́, òfin sọ pé kí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sílé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tọ́kùnbọ̀ ní Cotonou tàbí Berger l'Èkó. Tí ẹni tó ń tà á bá ní mọ́tò yìí ní íntánẹ́ẹ̀tì, kó tìtorí ẹ̀ gbówó lé e, ẹ má dá a lóhùn. Sím Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa ra sub ẹ̀ ní Nàìjíríà kó ṣiṣẹ́, bọ́tìnnì SOS tó wà lókè orí yẹn ò ní gbé ẹnikẹ́ni wá, 112 ni kẹ́ ẹ pè, l'Èkó 767 náà wà. Ẹ wò ó bóyá mọ́tò ní Android Auto tàbí CarPlay, ìyẹn lẹ máa lò pẹ̀lú dátà MTN tàbí Airtel yín. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ olè, tracker tí wọ́n ń fi sím ilé sí ni kẹ́ ẹ náwó lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ dẹ̀ rèé, tàbí tẹ́ ẹ ń tà á níbẹ̀, tàbí tí íńṣọ́ránsì fẹ́ gbé e lọ lẹ́yìn jáǹbá. Ní 2023 ọ̀gá oníròyìn kan ní Amẹ́ríkà rí i pé Tesla òun tó ti jáǹbá, tí wọ́n ti gbé lọ, ti dé Ukraine, ẹni tó ń wà á níbẹ̀ ń fi Spotify òun gbọ́ orin. Kọ́kọ́rọ́ ò tíì gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ ò bá tíì ṣe eléyìí: ẹ wọ áàpù, ẹ yọ mọ́tò kúrò lórí account yín, ẹ fagi lé sub, kẹ́ ẹ bèèrè owó tó kù padà tó bá jẹ́ ti ọdún lẹ san. Lẹ́yìn náà ẹ wọ inú mọ́tò, ẹ wá factory reset, èyí tó ń pa gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti fi síbẹ̀ rẹ́, nínú settings, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ títí screen á fi kú tí á tún tàn padà tí á máa bi yín ní èdè tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ wo phonebook, ẹ wo ibi tí máàpù kọ Home sí. Tó bá ti ṣófo, ẹ lè gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn.